Iṣẹ́ Ló Ṣáájú Orúkọ: Orírun Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Òjíṣẹ́ Ọ̀run

“Angel”, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Yorùbá yá tó sì ń pè ní áńgẹ́lì, kò ní ìyẹ́ nígbà tí ayé kọ́kọ́ ń lò ó. Kò wọ aṣọ funfun, kò tàn bí oòrùn, ọ̀run kọ́ ló sì ń gbé. Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín àwọn Gíríìkì àtijọ́, ẹni tó sáré láti ojú ogun wá sọ fún ará ilé pé ogun ti ṣẹ́, “angelos” ni. Ẹni tí ọba ìlú kan rán sí ọba ìlú kejì, “angelos” náà ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe òjíṣẹ́ Ọlọ́run ló rí báyìí. Iṣẹ́ jíjẹ́ ló bí wọn, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó di orúkọ ẹ̀dá. Bí ẹni tí a rán ṣe wá di abìyẹ́, ọ̀nà jíjìn ni, ó sì gba inú èdè Hébérù, Gíríìkì àti Látìnì kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Hébérù ni ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni “mal'akh”, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹni tí a rán. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ ìṣe tó bí i, èyí tó túmọ̀ sí “rán”, ti kú nínú Hébérù Bíbélì, ṣùgbọ́n ó ṣì wà láàyè nínú èdè Ugarit, ìlú àtijọ́ kan ní etíkun Síríà. Orúkọ wòlíì Málákì, ẹni tí ìwé rẹ̀ parí Májẹ̀mú Láéláé, láti ibẹ̀ ló ti wá: “òjíṣẹ́ mi” ni. Lárúbáwá, tó jẹ́ ìbátan Hébérù, ń pè é ní “malak”; bí wọ́n bá pọ̀, wọ́n di “malā'ika”. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ń pè ní màlékà tàbí mọ̀láíkà. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ ìyá méjì bá wà nínú ilé kan nílùú Ìbàdàn, tí ọ̀kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí èkejì ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, tí ọ̀kan ń pe áńgẹ́lì, tí èkejì ń pe màlékà, ohun kan náà ni ẹnu wọn ń sọ: ẹni tí a rán.

Ibi kan wà nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì tí èyí ti hàn kedere. Jákọ́bù ń ti ilé Lábánì bọ̀, ẹ̀rù Ísọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń bà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ orí 32, àwọn mal'akh Ọlọ́run pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Kò ju ẹsẹ méjì lọ lẹ́yìn èyí tí Jákọ́bù fúnra rẹ̀ fi rán àwọn mal'akh lọ bá Ísọ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ìtàn náà ní èdè Hébérù yóò gbọ́ bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń dá ara rẹ̀ lóhùn: Ọlọ́run rán tirẹ̀ sí Jákọ́bù, Jákọ́bù náà rán tirẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti Ọba James, tó jáde ní 1611, àwọn ti àkọ́kọ́ di “angels”, àwọn ti èkejì di “messengers”. Bíbélì Yorùbá náà yà wọ́n: áńgẹ́lì ni àwọn kan, oníṣẹ́ ni àwọn yòókù. Ìtumọ̀ náà kò ṣìnà, ṣùgbọ́n ìdáhùn tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì ti sọnù, òun gan-an ló sì mú kí ìtàn náà dùn.

Àwọn Júù tó ń gbé Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú Bíbélì sí èdè Gíríìkì ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, kò yà á. “Angelos” ni wọ́n fi dípò mal'akh, ìbáà jẹ́ Ọlọ́run ló rán an, ìbáà jẹ́ èèyàn. Àwọn tó kọ Májẹ̀mú Tuntun tẹ̀ lé wọn. Àwọn tí Jòhánù Onítẹ̀bọmi rán sí Jésù látinú ẹ̀wọ̀n, angelos ni Lúùkù pè wọ́n. Àwọn amí tí Ráhábù fi pamọ́ ní Jẹ́ríkò, angelos ni Jákọ́bù pè wọ́n nínú lẹ́tà rẹ̀. Ní ti ibi tí Gíríìkì ti rí ọ̀rọ̀ náà, àríyànjiyàn ṣì wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ti fi í wé “angaros”, orúkọ àwọn agẹṣin tó ń gbé iṣẹ́ ọba Páṣíà, tí wọ́n ń gbé e fún ara wọn láti ibùsọ̀ dé ibùsọ̀. Herodotus, òpìtàn Gíríìkì, ròyìn wọn pé kò sí ẹ̀dá alààyè tó ń yára tó wọn. Àwọn agẹṣin wọ̀nyí ní àṣẹ láti mú ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ ọba ní tipátipá, láti ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ìṣe Gíríìkì kan ti jáde, èyí tó wà nínú Ìwàásù Orí Òkè níbi tí Jésù ti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí wọ́n fi ipá mú rin máìlì kan.

Látìnì ni ọ̀nà ti pín. Nígbà tí Jerome ń tú Bíbélì sí Látìnì ní òpin ọ̀rúndún kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún karùn-ún, ó ní ọ̀rọ̀ méjì lọ́wọ́. “Nuntius” jẹ́ ọ̀rọ̀ Látìnì gidi fún oníṣẹ́. “Angelus” jẹ́ ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí àwọn Kristẹni ti yá. Ó fi nuntius fún ọmọ èèyàn, ó fi angelus fún ará ọ̀run. Láti ọjọ́ náà ni áńgẹ́lì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ irú ẹ̀dá kan, tí kì í tún ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀dá ń ṣe mọ́. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, tó gbáyé nígbà kan náà pẹ̀lú Jerome, rí ewu náà. Ó kọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ pé áńgẹ́lì jẹ́ orúkọ ipò iṣẹ́, kì í ṣe orúkọ ohun tí ẹ̀dá náà jẹ́; bí a bá ń bi ohun tí ó jẹ́, ẹ̀mí ni. Àlàyé tó mọ́ lóló nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í pa dà sẹ́yìn nítorí àlàyé.

Ní nǹkan bí àkókò yìí náà ni ìyẹ́ dé. Àwọn àwòrán áńgẹ́lì tí àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ yà kò ní ìyẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin lásán ni wọ́n. Òpin ọ̀rúndún kẹrin ni àwọn oníṣẹ́ ọnà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyẹ́ sí wọn léjìká. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì fúnra rẹ̀ kò sọ pé àwọn àlejò mẹ́ta tó bá Ábúráhámù lábẹ́ igi ní ìyẹ́. Ohun tó sọ ni pé ó bu omi fún wọn láti wẹ ẹsẹ̀, ó pa ọmọ màlúù, wọ́n sì jẹun.

Báwo ni ọ̀rọ̀ náà ṣe dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Bede, àlùfáà tó parí ìwé ìtàn ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 731, ròyìn ìtàn kan tí àwọn àgbà ń pa nígbà ayé rẹ̀. Wọ́n ní Gregory, kó tó di póòpù, rí àwọn ọmọkùnrin kan tí wọ́n kó wá tà ní ọjà Róòmù. Ojú wọn rẹwà, irun wọn lẹ́wà. Ó béèrè ẹ̀yà wọn, wọ́n ní Angli ni. Ó fèsì pé orúkọ náà bá wọn mu, torí pé ojú wọn jọ ti àwọn áńgẹ́lì. Eré ọ̀rọ̀ lásán ni, nítorí pé orúkọ ẹ̀yà Angli kò tan mọ́ angelus rárá, ṣùgbọ́n Gregory di póòpù lóòótọ́, ó rán Augustine kejì, tí kì í ṣe ti Hippo, lọ wàásù, ó sì gúnlẹ̀ sí Kent ní 597.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ tiwọn tí wọ́n ì bá lò. Wọ́n ní “ærendgast”: “ærend” ni iṣẹ́ tí a rán ni, tó di “errand” lónìí, “gast” sì ni ẹ̀mí, tó di “ghost”. Ẹ̀mí tí a rán níṣẹ́. Kò sí orúkọ tó lè ṣàlàyé ara rẹ̀ ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àjèjì, “engel”, ló borí, pẹ̀lú ìró “g” tó le bíi ti Yorùbá nínú “gé”. Ìró rírọ̀ tó wà nínú “angel” lónìí, láti ẹnu àwọn Faransé tó ṣẹ́gun Gẹ̀ẹ́sì ní 1066 ló ti wá. Bí ærendgast ṣe kú ni ìmọ̀lára iṣẹ́ rírán kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà létí ẹni tí kò gbọ́ Gíríìkì.

Nígbà tí iṣẹ́ ti kúrò, ọ̀nà là fún ọ̀rọ̀ náà láti gba ohun mìíràn. Ní 1465, ní ìjọba Edward Kẹrin, wọ́n rọ owó wúrà kan tó ní àwòrán áńgẹ́lì Máíkẹ́lì tó ń pa dírágónì, wọ́n sì ń pè é ní “angel”. Iye rẹ̀ nígbà náà jẹ́ ṣílè 6 àti kọ́bọ̀ 8. Nígbà tí ọba bá fọwọ́ kan àwọn tó ní àrùn kókó ọrùn láti wò wọ́n sàn, owó yìí ni wọ́n ń lu ihò sí, tí wọ́n ń so mọ́ aláìsàn lọ́rùn. Ní àwọn ilé eré Broadway ní New York, ẹni tó fi owó sílẹ̀ kí eré lè bọ́ sí orí ìtàgé ni wọ́n wá ń pè ní “angel”, lónìí sì ni orúkọ náà ti bọ́ sára àwọn olówó tó ń ran ilé iṣẹ́ tuntun lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó rán wọn. Oore tí wọ́n ṣe nìkan ló kù nínú orúkọ náà.

Nínú “archangel”, “arch” jẹ́ ti Gíríìkì, ó sì túmọ̀ sí olórí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tú ìdajì rẹ̀, wọ́n ní “heahengel”, áńgẹ́lì gíga. Ìgbà méjì péré ni ọ̀rọ̀ náà fara hàn nínú Májẹ̀mú Tuntun: nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ sí àwọn ará Tẹsalóníkà àti nínú lẹ́tà Júùdù, níbi tí wọ́n ti dárúkọ Máíkẹ́lì. Ẹni tó jẹ́ Yorùbá kò ní pẹ́ mọ irú orúkọ tí Máíkẹ́lì jẹ́, nítorí gbólóhùn ni, bí orúkọ Yorùbá ṣe máa ń jẹ́ gbólóhùn: “Ta ló dà bí Ọlọ́run?” Ẹni tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Tanítolúwa ti sọ ọ́ ní Máíkẹ́lì láìmọ̀. “El” tó wà ní ìdí orúkọ náà ni Ọlọ́run, òun ló wà ní ìdí Ráfáẹ́lì, “Ọlọ́run ti wò sàn”, àti Gébúrẹ́lì, tó so agbára tàbí akọni pọ̀ mọ́ Ọlọ́run.

Kérúbù àti Séráfù yàtọ̀. Àwọn èèyàn máa ń kà wọ́n mọ́ áńgẹ́lì, ṣùgbọ́n nínú Bíbélì, Kérúbù kì í jíṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ṣọ́ ni. Òun ni wọ́n fi sí ẹnu ọ̀nà Édẹ́nì pẹ̀lú idà iná. Nínú tẹ́ńpìlì tí Sólómọ́nì kọ́, kérúbù méjì tí wọ́n fi igi ólífì gbẹ́ dúró nínú ibi mímọ́ jùlọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní ìgbọ̀nwọ́ 10, ìyẹ́ kan gùn ní ìgbọ̀nwọ́ 5. Ìyẹ́ méjèèjì wọn nà láti ògiri kan kan ògiri kejì. Ìsíkíẹ́lì rí wọn ní olójú mẹ́rin. Àwọn onímọ̀ kan fi orúkọ wọn wé ọ̀rọ̀ Ákádì kan tó jẹ mọ́ ìbùkún àti àdúrà. Báwo ni ohun abanilẹ́rù yìí ṣe wá di ọmọ ọwọ́ olójú rọ́bọ́tọ́? Àwọn ayàwòrán Ítálì ló fà á. Wọ́n mú àwòrán ọmọ abìyẹ́ inú iṣẹ́ ọnà Róòmù àtijọ́ jáde, wọ́n sì fi orúkọ kérúbù lé e lórí. Ọmọ méjì tó gbé ìgbọ̀nwọ́ lélẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àwòrán Màríà tí Raphael yà ní nǹkan bí 1512, tó wà ní Dresden lónìí, ni ayé mọ̀ jùlọ nínú irú wọn. Gẹ̀ẹ́sì òde òní ń pe ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tóbi ní “cherub”. Ẹ̀ṣọ́ Édẹ́nì ti di ọmọ jòjòló, ìpàdánù tó tóbi sì ni fún ọ̀rọ̀ náà.

“Seraph” jẹ́ ti iná. Ọ̀rọ̀ ìṣe Hébérù tó bí i túmọ̀ sí jó, ọ̀rọ̀ kan náà ni ìwé Númérì sì fi pe àwọn ejò olóró tó bu àwọn ọmọ Ísírẹ́lì jẹ nínú aginjù. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dá ọ̀run, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti hàn nínú Bíbélì, nínú orí kẹfà ìwé Aísáyà: ìyẹ́ mẹ́fà mẹ́fà, ọ̀kan nínú wọn sì fi ẹ̀yín iná kan wòlíì náà létè. Gẹ̀ẹ́sì ṣe àṣìṣe kan lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì. “Im” tó wà ní ìparí “cherubim” àti “seraphim” ló ń sọ ní èdè Hébérù pé wọ́n ju ọ̀kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn olùtumọ̀ ti 1611 tún fi “s” lé e, wọ́n kọ “cherubims” àti “seraphims”, bí ẹni tó ní “àwọn àwọn kérúbù”. Yorùbá kò kó sínú rẹ̀. Ìjọ tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1925 lọ́wọ́ Moses Orimolade àti Abiodun Akinsowon kọ́kọ́ jẹ́ Ẹgbẹ́ Séráfù, kí wọ́n tó fi Kérúbù kún un. Ní Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ rẹ̀ jẹ́ “Cherubim and Seraphim”, pẹ̀lú “im” ti Hébérù, ṣùgbọ́n ní Yorùbá, Kérúbù àti Séráfù ni, ọ̀kan ọ̀kan, tí èdè fúnra rẹ̀ yóò fi “àwọn” ṣáájú bí ó bá fẹ́ kí wọ́n pọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ọmọ èèyàn tí Ọlọ́run rán kò gbàgbé iṣẹ́ wọn tó bẹ́ẹ̀. “Apostle” wá láti “apostolos” Gíríìkì, ẹni tí a rán jáde. “Mission” àti “missionary” wá láti ọ̀rọ̀ Látìnì fún rírán. “Message” àti “messenger” pẹ̀lú. “N” tó wà nínú “messenger” kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. “Messager” ni àwọn baba ńlá wọn ń pè é, ahọ́n ló ti í wọlé, bó ṣe ti í wọ “passenger”. “Prophet” yàtọ̀ díẹ̀: ẹni tó ń gbẹnu ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ ni ní Gíríìkì, ó sì súnmọ́ agbẹnusọ ju aríran lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aríran ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò bí wọ́n bá gbọ́ ọ.

Áńgẹ́lì tún sápamọ́ sínú “evangelist”. “Eu” ni rere, “angelion” ni ìhìn tí angelos gbé wá. Níbi yìí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kò yá ọ̀rọ̀. Wọ́n tú u. “Gōd” pẹ̀lú ìró fáwẹ́lì tó gùn ni rere, “spel” ni ìròyìn, ó di “godspel”, tó di “gospel”. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ìró gígùn náà kúrú, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé “God” ló wà níwájú rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni ó túmọ̀ sí. Ẹni tó mọ bí ọkọ̀ ṣe yàtọ̀ sí ọ̀kọ̀ yóò mọ bí irú èyí ṣe rọrùn tó. Ìhìnrere ti Yorùbá, ìhìn àti rere, ni a kọ́ lọ́nà kan náà gẹ́lẹ́ bíi godspel, kò sì tíì bàjẹ́. Ọmọdé tó bá gbọ́ ọ mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó ṣe gudugudu méje nínú ìtumọ̀ Yorùbá náà jẹ́ ọmọ tí wọ́n tà lọ́jà, bíi ti àwọn ọmọ tí Gregory rí. Wọ́n kó Samuel Ajayi Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ ní 1822. Ìtumọ̀ rẹ̀ ti lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù jáde ní 1850, odindi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní 1884. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni wọ́n yá lọ́wọ́ òyìnbó. Ìsìláàmù ti wà nílẹ̀ Yorùbá ṣáájú, èdè sì ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ra: àlùfáà, àdúrà, ìwàásù. “Wòlíì” tí wọ́n fi dípò “prophet”, “walī” ti Lárúbáwá ni, ọ̀rẹ́ tàbí ẹni tó súnmọ́ Ọlọ́run. Àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn ń pe “prophet” ní Ànábì, wọ́n sì ń pe èyí tí Ọlọ́run fi iṣẹ́ rán ní Òjíṣẹ́. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ì bá jẹ́ mal'akh gan-an bí wọ́n bá fi sínú Bíbélì ní ipò rẹ̀. Áńgẹ́lì ni wọ́n mú, wọ́n sì ṣe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe sí ærendgast.

Èyí tó dùn ni jùlọ ni ti Èṣù. Nínú ẹ̀sìn Yorùbá, òun ni òjíṣẹ́ láàárín ayé àti ọ̀run. Òun ló ń gbé ẹbọ lọ, òun ló ń gba ìpín tirẹ̀ kí àwọn òrìṣà yòókù tó gba tiwọn, òun náà ló ń fi ìyà jẹ ẹni tó kọ̀ láti rú ohun tí Ifá ní kó rú. Ó le, ọwọ́ rẹ̀ ń dunni, kò sì ṣe é fi ṣeré, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀tá Olódùmarè. Bí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan bá wà tó ń sọ nípa iṣẹ́ mal'akh, orúkọ rẹ̀ wà lára wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí ni wọ́n fi tú “devil”. “Devil” fúnra rẹ̀ wá láti “diabolos” Gíríìkì, abanijẹ́, ẹni tó ń fẹ̀sùn èké kan ọmọnìkejì. Nípa bẹ́ẹ̀, òjíṣẹ́ ilẹ̀ Yorùbá di abanijẹ́ ilẹ̀ Gíríìkì. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun kò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀: ní Cuba, òun tí wọ́n ń pè ní Eleguá ni wọ́n kọ́kọ́ ń kí níbi ìbọ, torí pé òun ló ni ọ̀nà, ní Brazil, níbi tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì ti fi í wé Sátánì, ilé Candomblé ṣì máa ń kọ́kọ́ bọ Exu kí nǹkan mìíràn tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti “Satan”, wọn kò tú u, Sátánì ló wà nínú Bíbélì Yorùbá náà. Ọ̀rọ̀ Hébérù fún alátakò ni, kò sì fìgbà gbogbo jẹ́ orúkọ ẹni kan. Nínú orí 22 ìwé Númérì, nígbà tí Báláámù gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ lọ gégùn-ún fún Ísírẹ́lì, ẹni kan dúró sójú ọ̀nà pẹ̀lú idà lọ́wọ́ láti dènà rẹ̀. Hébérù sọ pé ó dúró bíi “satan” fún un. Ẹni tó dúró yẹn, mal'akh Ọlọ́run ni.